Wọ́n wọ́gi lé ẹ̀kọ́ lédè abínibí: ìwé aláwòrán ọmọ wa ńkọ́?

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, kéde l'Ábújá pé ìjọba àpapọ̀ ti wọ́gi lé ìlànà ọdún 2022 tó ní kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni láti jéléósinmi dé yunifásítì. Ọkàn ọ̀pọ̀ òbí ò balẹ̀ mọ́. Ìbéèrè àwọn òbí tó ń fi ìwé aláwòrán àti orin Yorùbá kọ́ ọmọ kékeré ló wà nísàlẹ̀ yìí, pẹ̀lú èsì mi.

Ṣé wọ́n ti fòfin de orin Yorùbá ni?

Rárá o. Èdè tí olùkọ́ fi ń ṣàlàyé iṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ náà kàn.

Kí ló dé tí wọ́n fi wọ́gi lé e?

Mínísítà ní àwọn ẹkùn orílẹ̀-èdè yìí tó ń lo èdè abínibí jù lọmọ wọn ń fìdí rẹmi jù nínú ìdánwò WAEC, NECO àti JAMB. Ọmọ tó wọ kíláàsì kìíní lẹ́yìn ìlànà 2022 ṣì wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tó ń sọ̀rọ̀ yìí. Ibi tó ti pàdé WAEC ò yé mi.

Kí ni wọ́n ń pè ní fífi kókó ọ̀rọ̀ kan kọ́ ọmọ?

Ẹ mú nǹkan kan, kẹ́ ẹ fi ṣe iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan. Ká ní omi ni. Ẹ ṣí ìwé síbi àwòrán àwọn tó ń pọnmi, ẹ jọ ka ìkòkò orí wọn, kí ọmọ tọwọ́ bọ omi tútù àti omi lílọ́wọ́ọ́rọ́. Lẹ́yìn náà, orin kékeré. Èyí ni mo hun fún ọmọ ilé wa:

Omi inú ìkòkò, tútù ni.
Omi orí iná, gbígbóná ni.
Omi ojú ọmọ, oníyọ̀ ni.
Ta ló tọ́ ọ wò? Èmi ni!

Nígbà tá a dé ìlà kẹta, ọmọ ọdún mẹ́ta náà yọ ahọ́n, ó lá ètè rẹ̀, ó sì dákẹ́, ó ń rò ó.

Ṣé mo lè kàn túmọ̀ orin jéléósinmi Gẹ̀ẹ́sì?

Ẹ jẹ́ ká rọra níbí. Ìró ìparí ìlà tó bára mu ló ń gbé orin ọmọdé Gẹ̀ẹ́sì dúró. Àwítúnwí, gbólóhùn tó wọ̀n bára, àti ohùn òkè tó ń dá ohùn ìsàlẹ̀ lóhùn ló ń gbé tiwa. Tẹ́ ẹ bá wá fi ọ̀rọ̀ Yorùbá sínú ohùn orin òyìnbó, orin á máa gòkè níbi tó yẹ kí ọ̀rọ̀ sọ̀ kalẹ̀: ọkọ̀ á di ọkọ́, ìgbà á di igbá. Ẹni tó dàgbà nínú ṣọ́ọ̀ṣì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mélòó nínú àwọn orin ìsìn tí wọ́n túmọ̀ láti Gẹ̀ẹ́sì ló yé wa láìwo ìwé? Àgbà lè tún un ṣe lọ́kàn, torí ó ti mọ ọ̀rọ̀ náà tẹ́lẹ̀. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pàdé rẹ̀ ńkọ́? Mọ́tò ló ń wò nínú àwòrán, ohun tí wọ́n fi ń roko ló ń gbọ́. Ẹ kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ náà bí ẹ ṣe ń sọ ọ́ nílé, ẹ pàtẹ́wọ́ sí i, ohùn orin á jáde fúnra rẹ̀.

Níbo la ti fẹ́ rí ìwé aláwòrán Yorùbá?

African Storybook ní i lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Tàbí kẹ́ ẹ gé páálí, kẹ́ ẹ fúnra yín yàwòrán. Bí ewúrẹ́ yín bá jọ ajá, ọmọ á sọ fún yín.

Ṣé Yorùbá ò ní pa Gẹ̀ẹ́sì ọmọ lára?

Ní 1970, ọ̀jọ̀gbọ́n ètò ẹ̀kọ́ Babs Fafunwa àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fọ́dún mẹ́fà gbáko. Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ iṣẹ́ kan lọ́tọ̀, olùkọ́ tirẹ̀ ló sì ń kọ́ wọn. Àwọn ọmọ náà ò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ má fo ti olùkọ́ yẹn o, ó wà lára oògùn náà.

Kí ló wá yẹ ká bẹ̀rù?

Fóònù. Ó ń kọrin, àwòrán rẹ̀ ń rìn, àmọ́ kì í dúró gbọ́ ohun tí ọmọ fẹ́ sọ. Ẹ bẹ̀rù ara yín náà, tẹ́ ẹ bá sọ ìwé di ìdánwò: "Kí lèyí? Kí nìyẹn?"

Bí ọmọ bá ní kí n ka ìwé kan náà lẹ́ẹ̀kẹfà ńkọ́?

Ẹ kà á.