Ààlà Carnot: kí ló dé tí ẹ́ńjìnnì fi gbọ́dọ̀ da ooru nù?

Bí iná bá lọ ní Ọjà Ọba, Àkúrẹ́, jẹnẹrétọ̀ àwọn ẹlẹ́ja tútù ló máa gba gbogbo etí. Bí omi bá ta sí sàlẹ́ńsà rẹ̀, ṣàá ló máa dún, á sì gbẹ lójú ẹsẹ̀. Owó epo ni ooru yẹn. Nínú lítà 5 tí a rọ sínú jẹnẹrétọ̀ kékeré, agbára nǹkan bíi lítà kan ló ń di iná tí à ń lò. Ìyókù ń bá èéfín àti afẹ́fẹ́ lọ.

Àwọn kan á ní mẹkáníìkì ni kò ṣe é dáadáa. Nígbà mìíràn, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí a gbé e fún ẹni tó mọṣẹ́ jù láyé, ooru kan ṣì gbọ́dọ̀ bọ́ sóde. Ibi tí ẹ́ńjìnnì kankan kò lè kọjá yẹn là ń pè ní ààlà Carnot.

Sadi Carnot, ẹnjiníà ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló rí i ní 1824, nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún 28. Ó fi ooru wé omi tó ń já láti òkè. Ẹ rántí bí omi òjò ṣe ń ya wálẹ̀ lára àpáta Ìdànrè: nítorí pé ó ń já ló fi lè yí kẹ̀kẹ́. Èyí tó dá rogún sí kòtò kò lè yí nǹkan kan. Ooru náà, ìgbà tó bá ń ti ibi gbígbóná lọ síbi tútù nìkan ni ẹ́ńjìnnì lè rí iṣẹ́ gbà lára rẹ̀. Carnot rò pé ooru kì í dín kù lójú ọ̀nà. Ìyẹn kò rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ ààlà tó fà kò yẹ̀ títí dòní.

Ààlà náà ṣeé ṣírò. Ẹ fi 273 kún ìwọ̀n Celsius, ó di Kelvin, ìwọ̀n ooru tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń lò. Ẹ yọ ti ibi tútù kúrò nínú ti ibi gbígbóná, kí ẹ fi ti ibi gbígbóná pín èyí tó kù. Ohun tí ẹ bá rí ni ìdá tó pọ̀ jù nínú ooru tó lè di iṣẹ́. Ká ní omi híhó ni ibi gbígbóná, ó jẹ́ 373. Bí afẹ́fẹ́ Àkúrẹ́ bá wà ní 27, ó jẹ́ 300. Ó ku 73. Bí a bá fi 373 pín in, kò tó ìdá 20 nínú 100. Bí ọyẹ́ bá mú afẹ́fẹ́ wá sí 17, a ó rí nǹkan bíi 22. Bí ibi gbígbóná bá dé 327 tí afẹ́fẹ́ ṣì wà ní 27, á di 50.

Kí ló dé tí kò ṣeé kọjá? Ibi tó dùn mọ́ mi jù nìyí. Fíríìsà ìyá ẹlẹ́ja, ẹ́ńjìnnì ooru tí a yí padà ni: ó ń gba iṣẹ́, ó sì ń fi í ru ooru kúrò lára ẹja sínú ọjà tó gbóná. Ká ní ẹnì kan ní ẹ́ńjìnnì tó kọjá ààlà yìí, tó so ó mọ́ fíríìsà tí kò ní àbùkù kankan. Iṣẹ́ tí ẹ́ńjìnnì náà bá ṣe á tó láti ru gbogbo ooru tó dà nù padà sókè, síbi gbígbóná, á tún ṣẹ́ kù. Ẹja á máa dì láìsí epo, láìsí iná. Ooru á máa gun òkè fúnra rẹ̀.

Ẹja dídì tí wọ́n gbé sórí àtẹ lọ́sàn-án máa ń yọ́ ni. A ò tíì rí ọjọ́ kan tó dì sí i.