Ibi Tí Ọkọ̀ Oníná Yóò Máa Sùn Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Wò

Bí ẹnì kan bá ń gbèrò láti ra ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ oníná, ohun tó máa ń kọ́kọ́ bi mí ni iye kílómítà tí ọkọ̀ náà lè rìn kí iná inú bátìrì rẹ̀ tó tán. Ìbéèrè náà kò burú. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti ń tún irú ọkọ̀ yìí ṣe, tí mo sì ń fetí sí ohun tí àwọn tó ni ín ń sọ nígbà tí wọ́n bá gbé e wá, mo ti rí i pé ohun mìíràn ló ń pinnu bóyá ẹni tó rà á yóò gbádùn rẹ̀ tàbí yóò kábàámọ̀. Èmi náà a sì bi onítọ̀hún pé, níbo ni ọkọ̀ náà yóò máa sùn? Bí ó bá ń sùn níbi tí iná wà, tí ẹ lè ki wáyà bọ̀ ọ́ lálẹ́ kí ẹ sì yọ ọ́ láàárọ̀, kò ní pẹ́ tí ọ̀rọ̀ kílómítà yóò fi kúrò lọ́kàn yín. Bí kò bá sí iná níbẹ̀, ọkọ̀ tó lè rin 600 kílómítà pàápàá yóò máa fi yín sínú ìṣírò lójoojúmọ́.

Ẹni tó ti ń wa ọkọ̀ elépo tipẹ́ ti mọ́ ọn lára láti jẹ́ kí epo fẹ́rẹ̀ẹ́ tán kí ó tó lọ rà á, ojú kan náà ló sì fi ń wo bátìrì. Yúníìtì tí à ń kà lórí mítà iná ilé, èyí tí í ṣe iná kilowatt kan fún wákàtí kan, òun náà la fi ń wọn iná inú bátìrì ọkọ̀. Ọkọ̀ oníná tó ní búùtù lẹ́yìn, irú èyí tí wọ́n ń pè ní sedan, tí kò tóbi jù, máa ń jẹ nǹkan bíi yúníìtì 15 fún 100 kílómítà bí a bá ń wà á wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹni tó bá ń rin 40 kílómítà lóòjọ́, yúníìtì mẹ́fà péré ló ń ná. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé lásán tí ń fúnni ní ampere 10 lórí iná 230 volt ń ti kilowatt 2.3 jáde. Tí ọkọ̀ bá fi wákàtí mẹ́wàá wà lórí rẹ̀, yúníìtì 23 ti kúrò lórí mítà, nǹkan bí 20 nínú rẹ̀ ni yóò sì dé inú bátìrì, nítorí pé ẹ̀rọ tó ń yí iná ilé padà sí irú iná tí bátìrì ń gbà a máa fi díẹ̀ ṣòfò, àwọn kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ náà a sì máa jẹ nínú rẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí wọn kò bá sùn. Yúníìtì 20 yẹn tó ìrìn 130 kílómítà. Ẹni tó rin 40 lójúmọmọ ti rí ju ohun tó ná gbà padà kí ilẹ̀ tó mọ́. Ní àwọn orílẹ̀-èdè tí iná ilé wọn jẹ́ 120 volt, bí Amẹ́ríkà, sọ́kẹ́ẹ̀tì lásán ń lọ́ra ju èyí lọ púpọ̀, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn níbẹ̀ fi ń fa iná 240 volt wá sí ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí.

Sọ́kẹ́ẹ̀tì lásán yìí náà ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ wò, nítorí ibẹ̀ ni mo ti rí ewu tó bà mí lẹ́rù jù lọ. Ọkùnrin kan pè mí pé ọkọ̀ òun kì í gba iná ju ogún ìṣẹ́jú lọ kí ó tó dá dúró fúnra rẹ̀. Ó ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé bátìrì ńlá ló bàjẹ́, oorun kò sì kùn ún mọ́. Nígbà tí mo dé ilé rẹ̀, n kò tíì fọwọ́ kan ọkọ̀ náà tí òórùn ike tó ń jóná fi gba imú mi. Mo rọra yọ púlọ́ọ̀gì lára ògiri. Ihò kan lára sọ́kẹ́ẹ̀tì náà ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú, etí rẹ̀ ti wú, ike tó yọ́ sì ti lẹ̀ mọ́ irin púlọ́ọ̀gì. Nígbà tí mo tú u, mo rí i pé ìdè wáyà kan lẹ́yìn rẹ̀ ti dẹ̀. Kò sí ohun tó ṣe bátìrì. Ohun kékeré tí wọ́n fi sínú púlọ́ọ̀gì láti máa wo ìgbóná ló ń pa iná náà ní gbogbo ìgbà, òun ni kò sì jẹ́ kí ilé jó.

Ohun tó fà á kò ju pé kẹ́tù tí a fi ń se omi ń lo sọ́kẹ́ẹ̀tì fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, nígbà tí ọkọ̀ ń lò ó fún wákàtí mẹ́wàá láìsinmi. Ibi tí wáyà bá ti dẹ̀ díẹ̀, tí kẹ́tù kò lè fi hàn, ọkọ̀ yóò fi hàn. Nítorí náà, kí ẹ tó gbé ọkọ̀ náà wálé, ẹ pe oníṣẹ́ iná tó mọṣẹ́ kí ó fa wáyà tirẹ̀ lọ́tọ̀ láti ibi pátákó iná, kí wáyà náà nípọn tó bí ọ̀nà ṣe jìn tó, kí ó ní ohun tí ń já iná nígbà tí iná bá ń jò, kí wáyà ilẹ̀ sì dé ilẹ̀ lóòótọ́. Ẹ má ṣe fi wáyà àsomọ́ tí a ká jọ bí òrùka fún ọkọ̀ ní iná, nítorí wáyà tí a ká jọ kò rí ibi tí yóò ti tú ooru rẹ̀ dà sí. Bí agbára bá ká a, ẹ̀rọ ìgbaná tí a ń kàn mọ́ ògiri dára jù: yóò fún ọkọ̀ ní kilowatt 7 lórí fèésì kan, tàbí 11 lórí fèésì mẹ́ta bí ọkọ̀ náà bá lè gbà á.

Ní ti àwọn tí kò ní iná níbi tí ọkọ̀ wọn ń sùn, ẹ̀rọ ìgbaná kíákíá ojú ọ̀nà ni wọ́n máa ń gbẹ́kẹ̀ lé. Ó ṣeé ṣe, mo sì mọ àwọn tó ń ṣe é pẹ̀lú ìtẹ́lọ́rùn, ṣùgbọ́n wọ́n ti sọ ọ́ di ara ètò ọ̀sẹ̀ wọn. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní lè gba iná láti ìdá 10 dé ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ní nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lórí ẹ̀rọ tó lágbára. Láti 80 sókè, iná á bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá ti rọ omi sínú àgbè rí mọ̀ pé bí omi bá ti dé ọrùn àgbè, a ní láti dẹwọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò dà sílẹ̀. Ọkọ̀ náà ń dẹwọ́ kí bátìrì má bàa bàjẹ́. Nítorí náà, ẹni tó bá jókòó ti ẹ̀rọ náà títí dé 100 ń fi àkókò tirẹ̀ àti ti ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ṣòfò. Bí òtútù bá mú, bátìrì tó tutù kì í gba iná kíákíá rárá. Bí ẹ bá fi ibi tí ẹ ń lọ gba iná sínú ẹ̀rọ atọ́nà ọkọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í mú bátìrì móoru kí ẹ tó débẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n wá padà sórí kílómítà. Iye tí wọ́n kọ sínú ìwé ọkọ̀ wá láti inú ìdánwò tó da ìrìn inú ìlú pọ̀ mọ́ ti òpópónà. Atẹ́gùn tó ń dojú kọ ọkọ̀ ń le sí i ju bí eré ṣe ń pọ̀ sí i lọ: ẹni tó kúrò lórí 100 kílómítà ní wákàtí kan bọ́ sí 120 ti fi eré kún eré ní ìdá kan nínú márùn-ún, ṣùgbọ́n agbára tí atẹ́gùn fi ń tì í padà ti lé ní ìdá ogójì nínú ọgọ́rùn-ún. Ibẹ̀ gan-an ni sedan ti sàn ju ọkọ̀ gíga lọ, nítorí orí rẹ̀ kò ga, ẹ̀yìn rẹ̀ sì rọra ń fà lọ sílẹ̀. Hyundai Ioniq 6, tó jáde ní 2022, kọjá nínú atẹ́gùn débi pé ìwọ̀n ìdènà rẹ̀ kò ju 0.21 lọ, èyí tó kéré púpọ̀ fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Síbẹ̀, fún ìrìn òpópónà mo máa ń ní kí ènìyàn yọ ìdá kan nínú mẹ́rin kúrò nínú iye tó wà nínú ìwé, kí ó sì yọ jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà òtútù, torí pé ẹ́ńjìnnì elépo ń fi ooru tó fẹ́ dànù mú inú ọkọ̀ móoru, ọkọ̀ oníná sì ní láti fa ooru tirẹ̀ láti inú bátìrì. Ohun tí sedan fi san èyí padà ni ẹsẹ̀ àwọn tó jókòó sẹ́yìn. Bátìrì wà lábẹ́ ilẹ̀ ọkọ̀, orí ọkọ̀ kò sì ga, nítorí náà eékún ẹni gíga á yọ sókè bíi ti ẹni tó jókòó sórí àpótí ìdáná. Ẹ jókòó sẹ́yìn fúnra yín kí ẹ tó rà á.

Ìbẹ̀rù pé bátìrì ńlá yóò kú láìpẹ́ pọ̀ ju bí mo ṣe rí i lọ. Àwọn ilé iṣẹ́ tó pọ̀ ń dúró fún un fún ọdún 8 tàbí 160,000 kílómítà, pé agbára rẹ̀ kò ní kéré sí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ti ìgbà tó wà ní tuntun. Ohun tó ń ba bátìrì jẹ́ ni ooru, pàápàá bí ó bá kún dẹ́nu tí ó sì dúró bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Nissan Leaf àkọ́kọ́, tó jáde ní 2010, kò ní omi tó ń tu bátìrì rẹ̀ lára, àwọn tó ń lò ó ní ilẹ̀ gbígbóná bí Arizona sì rí i pé agbára rẹ̀ tètè dínkù. Púpọ̀ nínú sedan oníná ìsinsìnyí ní omi náà. Ẹ béèrè irú bátìrì tó wà nínú èyí tí ẹ fẹ́ rà. Bí ó bá jẹ́ NMC, tí wọ́n fi nickel, manganese àti cobalt ṣe, ẹ fi í sí ìdá 80 fún ìrìn ojoojúmọ́, kí ẹ sì kún un dé 100 ní òru ọjọ́ ìrìn jíjìn nìkan. Bí ó bá jẹ́ LFP, oníirin àti phosphate, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe é ń ní kí a máa kún un dé 100 lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Volt LFP kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà láti ìgbà tó kún dé ìgbà tó kù díẹ̀, kọ̀ǹpútà kò sì lè fi volt mọ ohun tó kù, àfi kí ó kún dé òkè kí ó tún ìṣirò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Bátìrì kékeré ló ń gbé ènìyàn wá sọ́dọ̀ mi. Ìyá kan tó jẹ́ olùkọ́ pè mí ní agogo mẹ́fà àárọ̀: “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Ọkọ̀ yìí ti kú pátápátá, ilẹ̀kùn rẹ̀ kò ṣí, bẹ́ẹ̀ iná inú rẹ̀ lé ní ìlàjì nígbà tí mo gbé e sílẹ̀ lánàá.” Mo ní kí wọ́n má mikàn. Mo fa kọ́kọ́rọ́ irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà nínú rìmóòtù wọn jáde, èyí tí wọn kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, mo fi ṣí ilẹ̀kùn, mo sì gbé mítà mi lé bátìrì 12 volt. Volt mẹ́sàn-án ló kù sí i. Mo fa iná láti ara bátìrì mìíràn sí i, ojú pátákó ọkọ̀ tàn, ó sì kọ ìdá 62 sílẹ̀. Bátìrì kékeré yẹn ló ń ṣí ilẹ̀kùn, òun ló ń jí kọ̀ǹpútà, òun náà ló ń ti bọ́tìnì ńlá tó so bátìrì ńlá mọ́ ọkọ̀. Bí òun bá kú, bátìrì ńlá lè kún fọ́fọ́ kí ó má wúlò. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún bí ó bá ti pé ọdún mẹ́ta.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni táyà. Ọkọ̀ náà wúwo, ó sì ń já lọ lójijì bí a bá tẹ̀ ẹ́, nítorí náà táyà a tètè jẹ. Ẹ máa pààrọ̀ ti iwájú pẹ̀lú ti ẹ̀yìn bí ìwé ọkọ̀ bá ṣe là á sílẹ̀. Ní ti bíréèkì, àìlò ló ń bà á jẹ́. Bí ẹ bá ti gbé ẹsẹ̀ sókè, mótò, ìyẹn ẹ̀rọ oníná tó ń yí táyà, ń fa ọkọ̀ padà, ó sì ń dá iná padà sínú bátìrì, nítorí náà irin bíréèkì lè wà fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ láìsí ohun tó ń họ ọ́, ìpẹtà á sì bò ó. Ẹ máa tẹ bíréèkì dáadáa nígbà mìíràn níbi tí ojú ọ̀nà bá ti ṣófo. Ẹ sì fi èyí sọ́kàn: bí bátìrì bá kún dé 100 tàbí tó bá tutù, kò sí ibi tí iná náà yóò padà sí, ọkọ̀ kò sì ní fà yín padà bí ó ti máa ń ṣe. Ẹni tó bá kún un dé ẹnu tí ó sì ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè gbọ́dọ̀ gbé ẹsẹ̀ sórí bíréèkì láti ìbẹ̀rẹ̀.

Kò sí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì láti pààrọ̀, ṣùgbọ́n omi bíréèkì, omi tó ń tu bátìrì lára àti asẹ́ atẹ́gùn inú ọkọ̀ ní ọjọ́ tiwọn. Bí ọkọ̀ bá kú lójú ọ̀nà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi okùn fà á. Ọkọ̀ akẹ́rù ni kí ó gbé e, nítorí táyà tó ń yí ń yí mótò, mótò tó ń yí sì ń pèsè iná. Wáyà aláwọ̀ ọsàn tí ẹ bá rí lábẹ́ rẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án.

Bí ẹ bá ń ra èyí tí ẹlòmíràn ti lò, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀rọ ka ìlera bátìrì náà fún yín, kí ẹ sì ki wáyà bọ̀ ọ́ lójú ara yín, lórí iná ilé àti lórí ẹ̀rọ kíákíá, nítorí mo ti rí èyí tó ń gba ọ̀kan tí kì í gba èkejì. Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo ihò tí wáyà ń wọ̀ bóyá irin kan nínú rẹ̀ ti dúdú. Lẹ́yìn náà, ẹ bi ẹni tó ń tà á pé níbo ni ọkọ̀ náà ti ń sùn ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, àti pé ìdá mélòó ni wọ́n máa ń kún un dé lálẹ́.