Anthony Trollope àti iṣẹ́ ìwé kíkọ rẹ̀ ojoojúmọ́

Anthony Trollope (24 Oṣù Kẹrin 1815 – 6 Oṣù Kejìlá 1882) jẹ́ òǹkọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó kọ ìwé ìtàn àròsọ 47, yàtọ̀ sí ìtàn kéékèèké, ìwé ìrìn-àjò àti ìtàn ìgbésí-ayé àwọn ẹlòmíràn. Kò sí atẹ̀wé tí ó ń san owó oṣù fún un lórí àwọn ìtàn wọ̀nyí. Ìwé kọ̀ọ̀kan ni ó ń dúnàádúrà lé lórí, tí ó sì ń tà fún ẹni tí ọ̀rọ̀ wọn bá jọ wọ̀. Láti 1847 tí ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde títí di 1867, òṣìṣẹ́ ìjọba ni ní ilé iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́, nítorí náà ìwé kíkọ ní láti wáyé kí iṣẹ́ ọba tó bẹ̀rẹ̀ tàbí lójú ọ̀nà ibi tí iṣẹ́ náà bá rán an lọ. Ohun tí a mọ̀ nípa bí ó ṣe ń ṣe é pọ̀ ju èyí tí a mọ̀ nípa ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, nítorí pé òun fúnra rẹ̀ ń kọ iye ojú ewé tí ó bá kọ lójúmọ́ sílẹ̀.

Ìpìlẹ̀ àṣà náà

Ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀, Frances Trollope, ni a ti kọ́kọ́ rí irú ìgbésí-ayé yìí. Ìyá náà ti lé ní ẹni 50 ọdún nígbà tí ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́, tí ó dá lórí ìṣe àwọn ará Amẹ́ríkà, jáde ní 1832. Nígbà tí gbèsè lé ọkọ rẹ̀ kúrò nílùú ní 1834, tí ìdílé náà sì lọ fi ìlú Bruges ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù ṣe ibi ìsádi, òun ni ó ń tọ́jú ọkọ àti àwọn ọmọ tí àìsàn dá dùbúlẹ̀, òun náà ni ó sì ń kọ ìtàn tí wọ́n ń tà jẹun. Trollope rántí pé ìgò oògùn àti ìgò tàdáwà ni wọ́n jọ ń gba àyè nínú yàrá ìyá òun, àti pé láti aago mẹ́rin ìdájí ni ìyá náà ti máa ń wà nídìí tábìlì, tí yóò sì ti parí iṣẹ́ rẹ̀ kí ará ilé tó jí.

Ní ọdún 1834 kan náà ni Trollope wọ ilé iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé kékeré tí owó iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ 90 pọ́n-ùn lọ́dún. Ọdún méje tí ó lò níbẹ̀ kún fún gbèsè àti pípẹ́ dé ibi iṣẹ́. Ìgbà tí wọ́n gbé e lọ sí ìlú Banagher ní ilẹ̀ Ireland ní 1841 ni ayé rẹ̀ yí padà. Ibẹ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀ ìwé àkọ́kọ́, The Macdermots of Ballycloran, ní 1843, ọdún kan kí ó tó gbé Rose Heseltine níyàwó.

Ìwé kíkọ nínú ọkọ̀ ojú irin

Iṣẹ́ Trollope ni láti máa lọ káàkiri láti yẹ àwọn ọ́fíìsì ìfìwéránṣẹ́ wò àti láti ṣètò bí lẹ́tà yóò ṣe máa dé àwọn abúlé. Nígbà tí ó rí i pé inú ọkọ̀ ojú irin ni ọ̀pọ̀ wákàtí òun ń parí sí, ó ṣe pátákó pẹlẹbẹ kékeré kan tí ó lè gbé lé itan, ó sì ń fi pẹ́ńsùlù kọ̀wé lórí rẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ ọn débi pé bí ó ṣe ń yá kọ̀wé nídìí tábìlì náà ni ó ń yá kọ ọ́ nínú ọkọ̀. Bí ó bá délé, Rose a fi tàdáwà da ohun tí ó kọ kọ sínú ìwé mìíràn. Ọ̀nà yìí ni ó fi kọ èyí tí ó pọ̀ jù nínú Barchester Towers (1857). Ohun kan ṣoṣo tí ó ní ó ń ni òun lára ni ojú àwọn èrò mẹ́rin tàbí márùn-ún tí wọ́n jọ wà nínú ọkọ̀, nítorí ó dà bí ẹni pé òun ń ṣe àṣehàn fún wọn.

Orí omi náà kò dá a dúró. Ní 1858, nígbà tí ìjọba rán an lọ sí Íjíbítì láti lọ ṣe àdéhùn nípa gbígbé lẹ́tà gba ibẹ̀ kọjá, ó ń kọ Doctor Thorne lọ nínú ọkọ̀ ojú omi bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èébì máa ń lé e dìde nídìí ìwé. Ọjọ́ kejì tí ó parí rẹ̀ ni ó bẹ̀rẹ̀ The Bertrams. Ní 1871, nígbà tí òun àti ìyàwó rẹ̀ ń lọ kí ọmọ wọn ní Ọsirélíà, ó ní kí wọ́n kan tábìlì sí yàrá rẹ̀ nínú ọkọ̀ náà, ó sì kọ ìwé Lady Anna tán ní ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ.

Òwúrọ̀ ní Waltham Cross

Ìgbà tí a mọ̀ jù lọ nínú ìgbésí-ayé iṣẹ́ rẹ̀ ni ọdún tí ó gbé ní Waltham Cross, nítòsí Lọ́ńdọ̀nù, láti ìparí 1859. Aago márùn-ún ààbọ̀ òwúrọ̀ ni ó ní láti wà nídìí tábìlì. Bàbá arúgbó kan tí ó ń tọ́jú ẹṣin ni ó ń jí i, tí ó sì ń gbé kọfí wá fún un. Pọ́n-ùn márùn-ún ni Trollope ń fi kún owó rẹ̀ lọ́dún nítorí iṣẹ́ yìí. Ó jẹ́rìí sí i pé ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn kọfí náà kò pẹ́ dé rí, ó sì sọ pé bóyá ni ẹnikẹ́ni wà tí òun jẹ ní gbèsè ọpẹ́ ju bàbá náà lọ fún àṣeyọrí òun. Ó yẹ kí àwọn tí ń kọ ìtàn lítíréṣọ̀ máa fún irú ọ̀rọ̀ báyìí láàyè, nítorí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn mìíràn nínú ilé wà lábẹ́ ọ̀pọ̀ ìwé tí orúkọ ẹnìkan ṣoṣo wà lára rẹ̀.

Wákàtí mẹ́ta ni iṣẹ́ náà ń gbà. Ìdajì wákàtí àkọ́kọ́ ni ó fi ń ka ohun tí ó kọ lánàá, tí ó ń fi etí wọn bí ọ̀rọ̀ náà ṣe dún. Lẹ́yìn náà ni yóò gbé aago síwájú ara rẹ̀, tí yóò sì máa kọ ọ̀rọ̀ 250 ní ìṣẹ́jú 15 kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ 250 yìí ni ó ń kà sí ojú ewé kan, nítorí náà ojú ewé mẹ́wàá ni ó máa ń jáde ní òwúrọ̀ kan. Kí ó tó múra fún oúnjẹ àárọ̀, iṣẹ́ òǹkọ̀wé ti parí, ó kù sí iṣẹ́ ọba.

Ìwé ìṣirò iṣẹ́

Bí Trollope bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìwé tuntun, yóò kọ́kọ́ fa ìlà sínú ìwé kan, yóò pín in sí ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ títí dé ọjọ́ tí ó fẹ́ kí ìwé náà parí, lẹ́yìn náà ni yóò máa kọ iye ojú ewé sí iwájú ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Nǹkan bí 40 ojú ewé ni ó sábà máa ń kọ lọ́sẹ̀. Ó máa ń wálẹ̀ sí 20 nígbà mìíràn, ó sì ti dé 112 rí. Ọjọ́ tí kò bá ṣe iṣẹ́ a máa hàn gbangba níbẹ̀, ó sì sọ pé ọ̀sẹ̀ tí ojú ewé rẹ̀ kò bá pé máa ń ta òun lójú. Púpọ̀ nínú àwọn ìwé ìṣirò yìí ṣì wà ní ilé ìkàwé Bodleian ní Oxford. Fún ẹni tí ó bá ń wádìí bí ìtàn àròsọ ṣe ń di odindi, ó ṣòro láti rí ẹ̀rí tí ó ṣe tààrà tó báyìí láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún.

Ẹ̀rí náà ni àwọn kan fi dá a lẹ́bi. Ìwé tí ó kọ nípa ara rẹ̀ jáde ní 1883 lẹ́yìn ikú rẹ̀, nínú èyí tí ó fi òǹkọ̀wé wé aránbàtà tí kì í dúró de ìmísí kí ó tó jókòó ti iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ olùlámèyítọ́ gbà pé ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ba orúkọ rẹ̀ jẹ́ fún ìgbà díẹ̀, bí kò tilẹ̀ dájú pé òun nìkan ni ó fà á. Ohun tí wọn kì í sábà mẹ́nu bà ni pé wákàtí mẹ́ta náà kọ́ ni ìrònú ń wáyé. Láti kékeré ni Trollope ti máa ń gbé ìtàn kan kiri lọ́kàn fún ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù. Nígbà tí ó dàgbà, a máa nìkan rìn láàárín àpáta àti igbó, tí yóò máa bá àwọn ẹ̀dá inú ìtàn rẹ̀ sunkún, tí yóò sì máa bá wọn rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ó bá dé ìdí tábìlì, àwọn ènìyàn náà ti di ojúlùmọ̀ rẹ̀. Kíkà rẹ̀ náà kò dín kù: ó ní gbogbo ohun tí òun tẹ̀ jáde ni òun kà nígbà mẹ́rin, mẹ́ta nínú àfọwọ́kọ, ẹ̀kan nínú títẹ̀.

Owó

Ìpín èrè ni ó kọ́kọ́ gbà lórí The Warden (1855): pọ́n-ùn 9, ṣílè 8 àti pẹ́ńsì 8 ní ọdún àkọ́kọ́, pọ́n-ùn 10, ṣílè 15 àti pẹ́ńsì 1 ní èyí tí ó tẹ̀ lé e. Ó ní iye náà kò tó owó ẹni tí ń fọ́ òkúta. Láti ìgbà náà ó pinnu pé owó ojú ẹsẹ̀ ni òun fẹ́. Nígbà tí ilé iṣẹ́ atẹ̀wé Longman sọ fún un pé orúkọ àwọn lára ìwé rẹ̀ lè níyì ju àlékún owó lọ, ó gbé ìwé The Three Clerks lọ fún Bentley, atẹ̀wé mìíràn, ó sì gba 250 pọ́n-ùn. Doctor Thorne mú 400 wá, Framley Parsonage mú 1,000 wá, Can You Forgive Her? sì mú 3,525 wá. Àròpọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ tẹ̀ jáde jẹ́ pọ́n-ùn 68,939, ṣílè 17 àti pẹ́ńsì 5.

Iṣẹ́ mìíràn

Ó máa ń gun ẹṣin lọ dẹ ọdẹ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nígbà òtútù. Àbá rẹ̀ ni ó bí àwọn àpótí lẹ́tà ẹ̀bá títì tí wọ́n kọ́kọ́ gbé kalẹ̀ ní erékùṣù Jersey ní 1852. Ó fi iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ sílẹ̀ ní 1867, ó sì díje fún ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Beverley ní 1868, ṣùgbọ́n kò wọlé.

Ọdún ìkẹyìn

Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ kò gbé kálàmù bíi ti àtẹ̀yìnwá mọ́, Florence Bland, ọmọ ẹbí ìyàwó rẹ̀ tí ó ń gbé lọ́dọ̀ wọn, ni ó ń jókòó tì í tí ó ń kọ ohun tí ó bá ń pè sílẹ̀. Àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lù ú ní ìbẹ̀rẹ̀ Oṣù Kọkànlá 1882, nígbà tí The Landleaguers kò tíì parí. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1883 láìní ìparí. Ìwé mìíràn, An Old Man's Love, tí ó ti kọ tán kí àìsàn náà tó dé, jáde ní 1884.