Bí yíyí ṣe wọnú discus, àti bá a ṣe ń kọ́ ọ l'Ékìtì

Tí íntáháúsì bá ti tó l'Ékìtì ńbí, ìdí eré sísá ni gbogbo èèyàn máa ń pé sí. Orúkọ sárésáré náà ni wọ́n fi sọ pápá ìṣeré Adó, Oluyemi Kayode, ó wà lára àwọn tó gba fàdákà 4x100 ní Barcelona 1992, ó sì tọ́ sí i dáadáa. Àmọ́ àwọn tó ń ju discus, ìyẹn àwo pẹrẹsẹ ròbótó tí wọ́n ń jù jìnnà, náà ní ìtàn o, ó sì dùn.

Nígbà tí wọ́n ju ú ní Òlíḿpíìkì 1896 n'Áténì, kò sí yíyí bíi ti òde òní. Robert Garrett ará Amẹ́ríkà ló gbégbá orókè, mítà 29.15. Alágbẹ̀dẹ ló rọ èyí tó fi ń kọ́ ọ nílé, ó wúwo débi pé ó kù díẹ̀ kó pa á tì, àfìgbà tó dé ọ̀hún tó gbé tiwọn lọ́wọ́ tó rí i pé kò ju bíi kìlò méjì lọ. Lónìí, Mykolas Alekna ará Lithuania ti ju ú dé mítà 75.56, ní 2025. Agbára àti oúnjẹ wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ lójú tèmi yíyí ló ṣí ọ̀nà.

František Janda-Suk, ọmọ Bohemia tó di Czech lónìí, ni wọ́n kà sí ẹni àkọ́kọ́ tó fi gbogbo ara yí kó tó jù ú láyé òde òní. Ère ọkùnrin tó ń ju discus, èyí tí Myron ará Gíríìsì ṣe láyé àtijọ́, ló ń wò, ó wo ẹ̀yìn tó tẹ̀, ó wo apá tó nà lọ sẹ́yìn àti orúnkún tó rọ̀, ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ara ẹ̀ dán an wò. Kò ju bí ọdún kan lọ tó fi gba fàdákà ní Paris 1900, Rudolf Bauer ará Hungary nìkan ló ṣíwájú ẹ̀. Ohun tó máa ń wú mi lórí nìyí, ère tí kì í mira rárá, òun ló ti rí bí èèyàn ṣe lè yí!

Ní 1906 àti 1908, wọ́n tún ya jíjù bíi ti Gíríìkì àtijọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí wọ́n ń jù tẹ́lẹ̀, orí pèpéle kékeré tó dagun ni wọ́n ti ń jù ú, kò sáàyè kéèyàn yí níbẹ̀. Martin Sheridan gba tibí gba tọ̀hún ní 1908, àtìgbà yẹn Òlíḿpíìkì ò ṣe ti pèpéle mọ́. Inú ròbótó mítà 2.50 ni gbogbo ẹ̀ kù sí, Bud Houser tó gba góòlù 1924 àti 1928 ni wọ́n sì ń dárúkọ tó bá di ìyípo kan àtààbọ̀ tó yá kánkán. Òun ló tàn dé ọ̀dọ̀ tiwa, Adewale Olukoju gba góòlù Commonwealth ní Auckland 1990, Chioma Onyekwere gba tobìnrin ní Birmingham 2022.

Ọmọ tá a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà, mi ò kì í fún un ní discus rárá. Màá fa ròbótó sórí ilẹ̀ pupa, á kẹ̀yìn síbi tó fẹ́ jù sí, á gbé ara lé iwájú ẹsẹ̀ òsì, á yí i, á gbá ẹsẹ̀ ọ̀tún wọ àárín, iwájú àtẹ́lẹsẹ̀ ni yóò fi balẹ̀ kó sì máa yí lọ bí òkòtó, kí tòsì tètè balẹ̀ níwájú, apá á ṣì wà lẹ́yìn pátápátá. Tó bá ṣe tán, ilẹ̀ ni mo máa ń wò. Bí mo bá rí i pé ẹsẹ̀ ọ̀tún ti ha yẹ̀pẹ̀ yíká, ó ti gbọ́ nìyẹn. Bí bàtà bá tẹ̀ ẹ́ pẹrẹsẹ tí gìgísẹ̀ rì, ìbàdí ti dúró, apá nìkan ló fẹ́ dá ṣiṣẹ́, ká tún un ṣe. Ìgbà tí ilẹ̀ bá ti ń ha bó ṣe yẹ léraléra ni mo tó ń gbé discus lé e lọ́wọ́, ìka tó tẹ̀lé àtàǹpàkò ló sì gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀ gbẹ̀yìn.