Lékeléke tó pọ́n lórí: bí òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn ṣe ń darí fọ́tò ẹyẹ ní Àbújá

Ẹni tó dàgbà sí Ìbàdàn tàbí Ìjẹ̀bú mọ lékeléke sí ẹyẹ funfun báláú, èyí tí ọmọdé ń na èékánná sí pé kó fún òun ní tiẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ tó bá ya lékeléke ní Àbújá nígbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ní nǹkan bí Oṣù Kẹrin, lè rò pé ẹyẹ mìíràn lòun yà. Ìyẹ́ orí, àyà àti ẹ̀yìn rẹ̀ á ti pọ́n rúsúrúsú, bí ìgbà tí epo pupa ta sí aṣọ funfun.

Ẹyẹ kan náà ni. Òjò ni lékeléke ń bá rìn. Tí òjò bá ti dé, á gòkè sí ìhà Àríwá níbi tí koríko tútù àti tata ti pọ̀, ibẹ̀ ló ti ń yé, tó ń pamọ. Àwọ̀ pupa yẹn, ẹ̀wù tó fi ń wá ẹnìkejì ni. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá gbẹ koríko òkè ọ̀hún, á sọ̀ kalẹ̀ sí gúúsù, àwọ̀ náà á sì ti ṣí. Funfun rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń bá pàdé nílé. (Òótọ́ ni pé lékeléke kì í yé ẹyin dúdú, àmọ́ ẹyin ọ̀hún náà ò funfun tán: ó ní búlúù díẹ̀ lára.)

Kò ṣòroó rí. Pátákò màlúù ló ń lé tata jáde nínú koríko, lékeléke á sì gbé e mì. Torí náà, ẹni tó fẹ́ fọ́tò ò ní sá tẹ̀lé ẹyẹ. Á wo ibi tí agbo màlúù dojú kọ, á tọrọ àyè lọ́wọ́ darandaran, á lọ jókòó síwájú wọn, oòrùn àárọ̀ á sì wà lẹ́yìn rẹ̀.

Funfun yẹn gan-an ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Gbogbo ohun tó wà níwájú kámẹ́rà ló ń wọn ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ pọ̀. Lásìkò òjò, koríko tó ṣú ló gba ibi tó pọ̀ jù, kámẹ́rà á wá gba ìmọ́lẹ̀ wọlé ju bó ṣe yẹ lọ, lékeléke á dà bí bébà tí wọ́n gé lẹ̀ mọ́ koríko. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù, wọ́n á fi ìka tẹ ẹyẹ náà, wọ́n á fa àmì oòrùn tó yọ wálẹ̀ títí ìyẹ́ á fi hàn. Oníkámẹ́rà á yí ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ (exposure compensation) wálẹ̀ sí -1.

Ọyẹ́ ní tiẹ̀ ń kó eruku Sàhárà wá. Bí ẹyẹ bá ṣe jìnnà tó ni eruku ṣe ń nípọn tó láàárín, kò sí lẹ́ǹsì gígùn tó lè gba ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ ìyẹn. Àfi kéèyàn sún mọ́ ọn. Inú mọ́tò sì ni kí wọ́n ti pààrọ̀ lẹ́ǹsì, kí eruku má bàa wọ kámẹ́rà.

Ẹ̀ẹ̀rùn yìí kan náà ló ń gbé erin jáde ní Yankari, ọgbà ẹranko igbó ní Bauchi. Nígbà òjò, omi wà káàkiri, koríko gíga sì bò wọ́n. Tí ó bá gbẹ tán, odò Gaji ni wọ́n ń wá. Ní àbàtà Hadejia àti Nguru, ní òkè Àríwá lọ́hùn-ún, àwọn ẹyẹ omi tó sá fún òtútù Yúróòpù ló kún bẹ̀. Ìparí Oṣù Kẹta ni ọ̀pọ̀ wọn ń padà, nígbà tí orí lékeléke Àbújá ń bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n.