Gééjì ìbọn: kí ni nọ́ḿbà yẹn ń sọ, èwo ló sì yẹ ọ̀dọ́langba tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọdẹ?

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé ní Amẹ́ríkà fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ọmọ wọn ọkùnrin ti pé ọdún 14, ọkọ wọn sì fẹ́ máa mú un lọ sígbó ọdẹ. Wọ́n dé ìsọ̀ ìbọn, ẹni tó ń tà á ní gééjì 20 ni kí wọ́n mú. Oníbàárà kan tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ní rárá, gééjì 12 ni. Ẹ̀gbọ́n mi wá rò ó pé 12 kéré sí 20, a jẹ́ pé òun ni ti ọmọdé. Ó kù díẹ̀ kí wọ́n sanwó. "Àbúrò mi, ilé ọdẹ la ti jáde ní Ìkọ̀lé, ṣùgbọ́n nọ́ḿbà yìí ń dà mí láàmú. Ṣàlàyé rẹ̀ fún mi kí n má baà fowó mi ra ewu."

Inú mi dùn pé wọ́n béèrè, torí òdìkejì ohun tí wọ́n rò ni ọ̀rọ̀ náà. Bí nọ́ḿbà gééjì bá ṣe ń kéré sí i ni ihò ìbọn ń fẹ̀ sí i.

Gééjì ni òṣùwọ̀n tí a fi ń mọ bí ihò ìbọn ọdẹ ṣe fẹ̀ tó, ṣùgbọ́n òjé ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n nígbà àtijọ́, kì í ṣe rúlà. Ẹ mú òjé pọ́n-ùn kan, ìyẹn nǹkan bíi gíráàmù 454. Ẹ pín in sí ọ̀nà 12 ọgbọọgba, kí ẹ rọ ìpín kọ̀ọ̀kan ní róbótó bí àgbálùmọ̀ kékeré. Ìbọn tí ọ̀kan nínú àwọn òjé yẹn bá gba inú ihò rẹ̀ kọjá géérégé, gééjì 12 nìyẹn. Òjé kọ̀ọ̀kan á wọn nǹkan bíi gíráàmù 38, ihò ìbọn náà á sì fẹ̀ tó mílímítà 18.5. Bí ẹ bá pín òjé kan náà sí ọ̀nà 20, ọ̀kọ̀ọ̀kan á fúyẹ́ sí gíráàmù 23, ihò ìbọn tó gbà á á jẹ́ mílímítà 15.6. Ti gééjì 28 jẹ́ mílímítà 14. Ọmọ Èkìtì kò ní pẹ́ lóye èyí: bí a bá bu iyán odó kan fún èèyàn 12, òkìtì inú àwo kọ̀ọ̀kan á ga ju ìgbà tí a bá bù ú fún èèyàn 20 lọ.

Èyí tí wọ́n ń pè ní .410 kò sí nínú ìṣirò òjé yìí rárá. Ìdá íǹṣì ni nọ́ḿbà tirẹ̀, ihò rẹ̀ sì fẹ̀ tó mílímítà 10.4 péré. Òun ló kéré jù nínú àwọn tí mo dárúkọ.

Ìbọn ṣakabùlà tí àwọn bàbá wa ń lò kò ní gééjì tí èèyàn lè gbára lé, torí bí alágbẹ̀dẹ bá ṣe rí irin ló ṣe ń rọ ọ́, ẹnu rẹ̀ la sì ti ń ki ẹtù àti ọta sí i. Ìbọn tí à ń ki láti ẹ̀yìn ló sọ ọ̀rọ̀ ìwọ̀n di dandan, torí kátíríìjì, ìyẹn páálí kékeré tí wọ́n di ẹtù àti ọta sí, tó bá wọ ọ̀kan kò ní wọ òmíràn. Kì í ṣe òní ni Èkìtì mọ irú ìbọn bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ Èkìtìparapọ̀ tó wà ní Èkó fi ìbọn tí à ń ki láti ẹ̀yìn ránṣẹ́ sílé fún àwọn jagunjagun Fábùnmi àti Ògèdèǹgbé, ìró ìbọn ogun náà ni wọ́n sì gbọ́ bíi "kírìjì, kírìjì" tó fi di orúkọ ogun tí wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà rẹ̀ ní 1886.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sórí ọmọ. Kí ló kan ọ̀dọ́langba nínú fífẹ̀ ihò ìbọn? Inú kátíríìjì ni ìdáhùn wà. Ẹtù wà ní ìdí rẹ̀, ìdérí kan tẹ̀ lé e, hóró ọta kéékèèké ló wá wà lókè. Kátíríìjì gééjì 12 tí ọdẹ sábà ń lò máa ń gbé ọta tó tó gíráàmù 28 sí 32. Ti gééjì 20 ń gbé nǹkan bíi 25, ti .410 sì lè má ju 14 lọ. Bí ẹtù bá ṣe ti ọta yẹn síwájú ló ń ti ìbọn náà padà sí èjìká ẹni tó yìn ín. Ọta tó wúwo tó sì yára ń ti èèyàn gan-an. Ìbọn tó wúwo ń gba díẹ̀ mọ́ra nínú agbára náà, ìbọn tó fúyẹ́ ń kó gbogbo rẹ̀ lé èjìká.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ òbí ti ń ṣìṣe. Wọ́n á ní ọmọ ni, ẹ fún un ní ìbọn tó fúyẹ́ jù. Ọmọ aládùúgbò wa kan nígbà tí mo wà ní kékeré yin ìbọn ẹlẹ́nu kan tí kò wúwo, kátíríìjì àgbà ló sì wà nínú rẹ̀. Èjìká rẹ̀ dúdú fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ìyẹn san, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bí ó bá ti gbé ìbọn sójú, á kọ́kọ́ dijú kí ó tó fa apátí. Ẹni tó ń dijú yìnbọn kò mọ ẹni tó wà níwájú òun. Ìdí nìyẹn tí mo fi ka ìbọn tó ń ti ọmọ jù sí ewu fún gbogbo ẹni tó bá a wọgbó.

Mi ò sì gbà pé .410 ni kí a máa kó lé ọmọ lọ́wọ́ torí pé kò ní agbára. Ọta rẹ̀ kò pọ̀. Àgbà ọdẹ tó mojú ìbọn ló lè fi pa àparò tó ń fò. Bó bá jẹ́ ọmọ ló yìn ín, ẹran á gba ọgbẹ́, á sá wọgbó lọ kú síbi tí ẹnìkan kò ti ní rí i, ìyẹn sì ń dùn mí. Ohun tí mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi ni gééjì 20 tó wúwo tó kìlógíráàmù mẹ́ta tàbí kí ó dín díẹ̀, pẹ̀lú kátíríìjì tí ọta inú rẹ̀ kò pọ̀. Ọmọ tó ti ga tó bàbá rẹ̀ lè lo gééjì 12 bí kátíríìjì náà bá rọlẹ̀.

Kí wọ́n tó sanwó, mo ní kí wọ́n wọn ìbọn náà mọ́ ọmọ lára bí a ṣe ń wọn aṣọ. Kí ọmọ ká apá, kí ìdí ìbọn náà sinmi sí kòtò ìgúnpá rẹ̀. Bí orí ìka ìfábẹ̀là rẹ̀ bá kan apátí láìnà, ó bá a mu. Ti àgbà sábà máa ń jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 36 tàbí 37 láti apátí dé ìdí ìbọn, ti ọ̀dọ́langba máa ń wà láàárín 30 sí 33. Lẹ́yìn náà, kí ó fi àtàǹpàkò na ohun kan lókèèrè, kí ó di ojú kọ̀ọ̀kan. Ojú tó là sílẹ̀ nígbà tí àtàǹpàkò náà kò yẹ̀ kúrò lórí ohun náà ni ojú tó ń darí rẹ̀, èjìká ẹ̀gbẹ́ yẹn ló sì yẹ kí ìbọn gbé.

Mo tún ní kí wọ́n mú ìbọn tó ń ṣẹ́ sí méjì láàárín. Bó bá ti là sílẹ̀, gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ló ń rí i pé òfìfo ni. Èyí tó ní òòlù lẹ́yìn tí a ní láti fi àtàǹpàkò fà, ọwọ́ ọmọ lè yọ̀ lára rẹ̀, ìbọn á sì dún láìròtẹ́lẹ̀.

Ohun kan wà tí bàbá wa fi hàn mí tí mi ò lè gbàgbé. Ìbọn wọn jẹ́ gééjì 12. Àlejò kan gbàgbé kátíríìjì gééjì 20 sílé wa, yẹ́lò bí ìyeyè tó pọ́n. Bàbá kó gbogbo wa sẹ́yìn, wọ́n la ìbọn sílẹ̀, wọ́n yọ ohun tó wà nínú rẹ̀, wọ́n wá ju yẹ́lò yẹn sínú ihò ìbọn. Kò dúró níbi tí kátíríìjì ń dúró. Ó yọ̀ wọlé, ó lọ há síbi tí ihò ti fún. "Wò ó láti ẹ̀yìn," ni wọ́n ní. Mi ò kíyè sí ohunkóhun. Wọ́n mú kátíríìjì tiwọn, wọ́n fi sẹ́yìn rẹ̀, ó wọlé bí ẹni pé kò sí nǹkan níwájú. Kíá ni wọ́n yọ ọ́, wọ́n fi ọ̀pá ti yẹ́lò náà jáde. Ẹni tó bá yin irú ìbọn bẹ́ẹ̀, àárín ọ̀pá ìbọn ló máa bẹ́, níbi tí ọwọ́ òsì rẹ̀ wà gan-an. Ìdí tí wọ́n fi ń ṣe gééjì 20 ní yẹ́lò nìyẹn, kí ojú lè tètè dá a mọ̀. Ilé tí gééjì méjì bá wà, kátíríìjì wọn kò gbọdọ̀ jọ wà nínú àpò kan, kátíríìjì pàápàá kò sì gbọdọ̀ jọ wà níbi tí wọ́n ti ìbọn mọ́.

Ní ti òfin, ti ibi tí èèyàn bá wà ló ń tẹ̀ lé. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó gba àṣẹ ìbọn títà kò lè tà á fún ẹni tí kò tíì pé 18, òbí ló ń rà á. Ní Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ tí kò tíì pé 15 kò gbọdọ̀ lo ìbọn ọdẹ àfi bí àgbà tó ti pé 21 bá ń mójú tó o. Nílé wa ńbí, òfin ìbọn tó ti wà láti 1959 kò gbà kí wọ́n fún ẹni tí kò tíì pé 17 ní ìwé àṣẹ, tàbí ẹni tí ojú rẹ̀ kò dára tó, tàbí ọ̀mùtí. Ìwé àṣẹ ìbọn ọdẹ kò sì gba pọ́ǹpù, èyí tí à ń fa abẹ́ rẹ̀ sẹ́yìn kí kátíríìjì mìíràn lè wọlé, tàbí èyíkéyìí tó ń ki ara rẹ̀. Ẹlẹ́nu kan tàbí ẹlẹ́nu méjì ni.

Nítorí náà, ọmọ àbúrò mi tó wà ní Ìkọ̀lé, tó pé 15 lọ́dún yìí, kò ní ìbọn. Igi ìrókò tí káfíńtà gbẹ́ bí ìbọn ni ó ń gbé tẹ̀ lé bàbá rẹ̀ lọ ṣọ́ ọ̀yà. Àwọn àgbà ní ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ní jẹ́ jẹ́ kí a kọjú ìbọn kọ òun? Bí ẹnu igi yẹn bá ti na èèyàn lẹ́ẹ̀kan, bàbá rẹ̀ á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n á sì jọ yí padà sílé. Ìgbà mẹ́ta ni wọ́n ti yí padà láti oṣù kọkànlá.

Ẹ̀gbọ́n mi fi fọ́tò ránṣẹ́ lánàá. Gééjì 20 ni wọ́n mú, ó là sílẹ̀ lórí apá ọmọ, wọ́n sì fi ohun ìdítí bò ó ní etí méjèèjì.