Ẹ̀rí Tí Kò Ṣeé Já ní Koro: Ta Ló Lẹ́tọ̀ọ́ Láti Pè É Bẹ́ẹ̀?

Ìbéèrè: Mo máa ń rí i tí àwọn agbẹjọ́rò àti oníròyìn ń kọ “incontrovertible evidence” (ẹ̀rí tí kò ṣeé já ní koro) nípa ẹ̀rí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé jáde. Ṣé gbogbo ẹ̀rí tó bá ti lágbára ni a lè pè bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn: Rárá o. Ẹni tó ń lo ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí ń sọ pé kò sí ẹni tó lè rí nǹkan gidi kan fi ta ko ẹ̀rí náà mọ́. Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 ní Nàìjíríà pàápàá kò béèrè tó bẹ́ẹ̀ nínú ẹjọ́ ọ̀daràn. Ohun tí abala 135 ń fẹ́ ni pé kí ẹ̀rí kọjá iyèméjì tó mọ́gbọ́n dání.

Ìbéèrè: Ìtẹ̀ka ńkọ́? Ṣebí ìka ènìyàn méjì kì í jọra?

Ìdáhùn: Ẹ jẹ́ ká gbà bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, àmì tí ìka fi sílẹ̀ níbi ìwà ọ̀daràn kì í sábà mọ́ kedere, ènìyàn ẹlẹ́ran ara ló sì ń kà á.

Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹta ọdún 2004, bọ́ǹbù bú nínú àwọn ọkọ̀ ojú irin ní Madrid, ó sì pa ènìyàn tó lé ní 190. Àwọn ọlọ́pàá Sípéènì rí ìtẹ̀ka lára àpò ọ̀rá kan tí ohun tí wọ́n fi ń tanná ran bọ́ǹbù wà nínú rẹ̀. Kọ̀ǹpútà FBI, àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Amẹ́ríkà, yọ orúkọ 20 jáde, àwọn ayẹ̀tẹ̀ka mẹ́ta sì fẹnu kò sórí Brandon Mayfield, agbẹjọ́rò kan ní Oregon. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìbúra pé ìdá ọgọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ni ìtẹ̀ka náà fi bá tirẹ̀ mu. Sípéènì ti sọ fún wọn ní oṣù kẹrin pé kò bá a mu, ṣùgbọ́n wọn kò gbà. Wọ́n mú ọkùnrin náà ní ọjọ́ 6 oṣù karùn-ún. Ní ọjọ́ 19, onímọ̀ tí ilé ẹjọ́ yàn láti gbèjà rẹ̀ gan-an sọ pé ìka rẹ̀ ni. Ọjọ́ yẹn kan náà ni Sípéènì kéde pé ìka Ouhnane Daoud, ọmọ Àlùjéríà, ni. Ìjọba Amẹ́ríkà san mílíọ̀nù méjì dọ́là fún Mayfield ní ọdún 2006.

Ìbéèrè: Báwo ni gbogbo wọn ṣe ṣì í?

Ìdáhùn: Ìka méjèèjì jọra gan-an ní tòótọ́. Ṣùgbọ́n ìwádìí ẹ̀ka ètò ìdájọ́ Amẹ́ríkà fi hàn pé lẹ́yìn tí wọ́n ti wo ìka Mayfield tán, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rí àwọn ìlà rẹ̀ nínú àmì tó wá láti Madrid. Apá òkè àmì náà kò tilẹ̀ bá tirẹ̀ mu. Wọ́n ní ìka mìíràn ló tẹ ibẹ̀. Èyí ló burú jù lójú tèmi, nítorí pé ohun tó yẹ kó dá wọn dúró ni wọ́n wá àwáwí fún.

Ìbéèrè: Nígbà wo wá ni a lè lo “incontrovertible evidence”?

Ìdáhùn: Bí ìwé ọgbà ẹ̀wọ̀n bá fi hàn pé ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn wà ní àtìmọ́lé lọ́jọ́ tí ìwà ọ̀daràn náà wáyé, tí olùpẹ̀jọ́ fúnra rẹ̀ sì yẹ ìwé náà wò tó gbà pé òótọ́ ni, kí oníròyìn lò ó. Kó tó dé ibẹ̀, “strong evidence” (ẹ̀rí tó lágbára) ti tó.